Ẹ Má Fi Ìtàn Kírìjì Tan Ọmọ Èkìtì Jẹ

Etí mi ti kún fún un, síbẹ̀ mo tún gbọ́ ọ níbi ayẹyẹ ilé-ìwé kan ní Ìjan níbí. Wọ́n ní Èkìtì kò kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú rí. Wọ́n ní Ìbàdàn ni aninilára, àwa ni ajà-fún-òmìnira, ìdí nìyẹn tí ìwà wa fi dára ju ti Yorùbá yòókù lọ. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ ìtàn wà lórí ìjókòó, kò fọhùn.

Ìyà tí Ìbàdàn fi jẹ wá kì í ṣe àròsọ. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi sí ìlú wa ń fipá gba nǹkan oní-nǹkan, títí jagunjagun Fábùnmi fi pa ti Òkèmẹ̀sí ní 1878. Èkìtìparapọ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun wa, dìde, wọ́n sì ja ogun Kírìjì títí di àdéhùn àlàáfíà ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886. Mo gba èyí, n kò sì ní tún un sọ.

Ṣùgbọ́n ta ni Adúlójú? Ẹ bi ọmọ yín. Yóò ní akọ ogun Adó ni. Ẹ wá bi í pé ibo ni akọ ogun náà ń gbé ogun lọ. Àkókó ni! Ènìyàn ló ń lọ kó. Èṣù, Àta Ayédé, ń ṣe irú rẹ̀ ní Àkókó àti ní ilẹ̀ Yàgbà. Ògèdèngbé Iléṣà, tí a fi ṣe olórí ogun òmìnira, Ìtaògbólú ló tẹ̀dó sí kí wọ́n tó pè é wá sí Kírìjì. Kó tó dé, òun náà ti fi ogun da Àkókó àti agbègbè Ọ̀wọ̀ láàmú. Wọ́n fi àwọn kan nínú ẹrú ayé ìgbà náà ṣiṣẹ́ oko, wọ́n sọ àwọn kan di aya, wọ́n ta àwọn mìíràn ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ṣé ìyẹn náà ni òmìnira?

Ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà láti Adó lọ sí ilé-ìwé Poli, ẹni tó bá ń bá a lọ yóò kọjá Ìjan, yóò kan Ọ̀múò, yóò sì dé Ìkàrẹ́. Àkókó kò jìnnà sí wa. Ọmọ wọn ń bá ọmọ wa jókòó nínú kíláàsì. Àwọn àgbà ilé rẹ̀ ti sọ fún un nípa òkè tí àwọn ènìyàn wọn sá gùn nígbà ogun. Ó wá sọ́dọ̀ wa, olùkọ́ ní a kò kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú rí, ó sì ń kọ irọ́ náà sínú ìwé nítorí ìdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ọmọlúàbí, ojú kò tì yín?

Wọ́n á ní bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Ẹ gbọ́ ara yín! Bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe é, kí ló wá yà wá sọ́tọ̀? Àwáwí tó bá gba Adúlójú là yóò gba Látòóṣà olórí Ìbàdàn náà là.

Wọ́n tún máa ń ní ọpọlọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa ju ti ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀: wọ́n dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní 1933, àwọn òbí sì forí ṣe fọrùn ṣe kí ọmọ wọn lè kàwé. Ó tán.

Àwọn kan ní ojú yóò ti ọmọdé bí ó bá gbọ́ pé àwa náà kó ènìyàn lẹ́rú. Ọmọ Jámánì ń kọ́ ohun tí Hitler ṣe ní ilé-ìwé, Jámánì kò sì túká.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007 kò fi àyè sílẹ̀ fún ìtàn mọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama kékeré, a pariwo. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kí ó padà. Ṣé nítorí irọ́ yìí la ṣe pariwo?

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìjan, Adó àti gbogbo Gbọ́nyìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Akíntóyè, ọmọ Adó, ti kọ ìwé lórí àwọn ogun wọ̀nyí láti 1971. Ẹ kà á. Ẹ kọ Àkókó sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kírìjì, kí ẹ sì pe àgbà kan láti Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní sáà tó ń bọ̀.