Ẹ Jẹ́ Kí Abiyamọ Ráyè Fún Ọmú Rẹ̀ L'ọ́jà

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀ mọ́. Láìpẹ́ yìí, a wọ ṣáláńgá tí à ń sanwó wọ̀ l'ẹ́yìn ọjà, a bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ t'ó ń sunkún. Ọmọ ìtajà ọ̀kan nínú wa ni. Oṣù 3 péré ni ọmọ rẹ̀. Ọmú rẹ̀ ti wú, ó le bí òkúta, ó ti rin bùbá rẹ̀ gbinrin, l'ó bá ń fún un dà sí ihò ṣáláńgá. A bi í pé kí l'ó dé, ó ní ọ̀gá òun sọ pé kò sí àyè ìranù ní ṣọ́ọ̀bù. L'ọ́jọ́ yẹn kan náà, ògì ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ n'ílé. Ẹ wo oúnjẹ ọmọ t'ó ń lọ sínú ihò! Ojú tì wá, nítorí ọ̀gá tí à ń wí yìí, ara wa ni.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ṣebí àwa náà bímọ, a pọn ọmọ wá s'ọ́jà, a ń fún un l'ọ́mú bí a ti ń tajà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Pópó Àgùdà níbí ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé n'ígbà náà, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ s'ọ́jà Sandgrouse tàbí Jankara. Ọmọ ìtajà òde òní, Ìkòròdú tàbí Ajah l'ó ti ń bọ̀, ìdájí l'ó ti ń wọ dánfó. Ta l'ó fẹ́ gbé ọmọ jòjòló gba àárín èrò àti èéfín jẹnẹrétọ̀ Ìdúmọ̀tà l'ójoojúmọ́? Àwa náà la tún ní kí wọ́n má gbé ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù. A ò fẹ́ ọmọ, a ò tún fẹ́ kí ìyá rẹ̀ fún ọmú. Kí wá ni kó ṣe?

Àwọn dókítà ní ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6, kò gbọdọ̀ mu omi, kò gbọdọ̀ mu àgbo. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù 6, 29 péré l'ó ń rí bẹ́ẹ̀ mu. Ìjọba Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ìsinmi oṣù 6 fún ọmọ 2 àkọ́kọ́ ní 2014. Ta l'ó fún ọmọ ìtajà? Ẹlòmíràn ò lò ju ogójì ọjọ́ lọ tí ó fi padà s'ẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 54, ní kí obìnrin t'ó ń tọ́mọ máa rí ààbọ̀ wákàtí l'ẹ́ẹ̀mejì l'ójúmọ́ láti fún ọmọ rẹ̀ l'ọ́mú. Ààbọ̀ wákàtí! À ń lò jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi jiyàn lórí aṣọ ẹbí.

Àwọn ìyá ọkọ kan ní omi ọmú tí a fún sínú ike ti bàjẹ́. Ẹ̀yin ará Pópó Àgùdà, ẹ̀yin tí ẹ ń fún wàrà àgbọn fún frejon ní Fráìdé Rere, ṣé àwa la ò mọ bí a ti ń tọ́jú wàrà kó má kan? Omi ọmú tí a fi ọwọ́ mímọ́ fún sínú ike mímọ́ t'ó ní ìdérí lè wà fún wákàtí 4, bí ooru ò bá pọ̀. Ooru ṣọ́ọ̀bù wa ti pọ̀ jù, nítorí náà inú kúlà t'ó ní yìnyín ni kó wà, á sì tó wákàtí 24 níbẹ̀. Nínú fíríìjì, á tó ọjọ́ 4, bí iná bá wà o. Ẹ má gbé e ka iná. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ gbé ike rẹ̀ sí, kí ẹ wá fi ife kékeré fún ọmọ mu. Ẹni tí kò l'ówó ẹ̀rọ, ọwọ́ náà tó fún un. Ẹ bi nọ́ọ̀sì l'ọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á kọ́ yín.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Èkíní, kí gbogbo ọ̀gá fún ọmọ ìtajà t'ó ń tọ́mọ ní ààbọ̀ wákàtí l'ẹ́ẹ̀mejì l'óòjọ́, láì gé owó rẹ̀. Èkejì, kí ẹgbẹ́ fi kọ́tìnnì gé igun kan nínú ọ́fíìsì wa, kí bẹ́ǹṣì, omi àti ọṣẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a dá owó ra kúlà kan, kí a máa ra yìnyín sí i l'áràárọ̀. Owó rẹ̀ ò tó owó aṣọ òde ẹ̀ẹ̀kan.

Ní 1940, ìyá wa Alimotu Pelewura kó àwọn obìnrin ọjà Èkó jáde, wọ́n ní àwọn ò gba owó orí tí ìjọba Òyìnbó fẹ́ máa gbà l'ọ́wọ́ obìnrin. Torí kí wọ́n má baà jẹ obìnrin ọjà n'íyà ni ẹgbẹ́ fi wà. Kò wá yẹ kó jẹ́ àwa ni a ó máa jẹ àwọn ọmọ wa n'íyà.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé t'ó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá, kí ẹ mú àwọn ọmọ ìtajà yín dání, kí àwọn náà sọ tẹnu wọn. Ajé á jẹ́ tiwa o.