Kì Í Ṣe Iwin Ló Ń Ṣe Kọ̀ǹpútà

Nígbà ìsinmi iléèwé tó kọjá, eré kan kọ̀ láti ṣí lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi nílé wa ní Ìjerò. Màmá mi pariwo pé, "Ṣé o ti rí i báyìí? Eré iwin lo lọ gbé wọlé, iwin náà ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́!" Olùkọ́ kan tí mo rojọ́ fún kò dárúkọ iwin ní tiwọn, wọ́n kàn ní kí n lọ ka ìwé mi. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò tọ̀nà.

Ao Oni ni orúkọ eré náà. Ará Japan kan tí ń pe ara rẹ̀ ní noprops ló ṣe é ní nǹkan bí ọdún 2008, ọ̀fẹ́ ló sì fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé wọ ilé àtijọ́ kan, ìlẹ̀kùn tì mọ́ wọn, iwin aláwọ̀ búlúù sì ń lé wọn kiri.

Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí RTP. Kí ni RTP? RPG Maker XP ni wọ́n fi ṣe eré náà. Àwọn àwòrán àti ohùn kan wà tí ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n fi í ṣe jọ ń lò, àkójọ wọn ni RTP. Ó dà bí alásè tó gbé ẹran àti ata wá, ṣùgbọ́n tó gbà pé ìkòkò wà nílé. Bí kò bá sí ìkòkò, kò lè dáná. Mo wá RTP lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi í sí i.

Àṣìṣe kejì ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Èdè Japan ni wọ́n fi sọ àwọn fáìlì inú eré náà lórúkọ, ní ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Shift JIS. Windows tiwa kò mọ̀ ọ́n kà, nítorí náà nígbà tí mo tú fáìlì zip náà, gbogbo orúkọ di jágbajàgba. Eré ń wá fáìlì, kò rí i. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, ó gbà mí ní alẹ́ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé inú Control Panel, ní apá Region, ni mo ti lè yan èdè Japan fún àwọn ètò tí kì í lo Unicode. Mo tan kọ̀ǹpútà padà, mo tún zip náà tú, eré ṣí!

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin náà mọ àrùn yìí. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ìwé ìdánwò Yorùbá ti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dé, tí àpótí kéékèèké wà níbi tó yẹ kí ẹ́ àti ọ̀ wà? Unicode, tó kọ́kọ́ jáde ní 1991, fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹ ní tirẹ̀, àmì ohùn ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò so wọ́n pọ̀. Bí irú lẹ́tà tí a lò kò bá mọ̀ ọ́n so, ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ tó ti tún eré Japan ṣe yóò mọ ibi tí yóò wò.

Àwọn agbẹ́gilére ìdílé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí iṣẹ́ wọn wà lára òpó ààfin Aláayè, kò kọ́ṣẹ́ nípa dída "Kí ni igi?" kọ sínú ìwé. Wọ́n mú àáké àti ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n láti JS1 ni àwa ti ń da "Kí ni kọ̀ǹpútà?" kọ, aṣọ sì wà lórí àwọn ẹ̀rọ náà, kí a má baà fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo gbà pé eré abanilẹ́rù kò yẹ ọmọdé, kò sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe WAEC fi òru ṣeré. Kí n má purọ́, ogún ìṣẹ́jú péré ni mo fi ṣe Ao Oni tí ẹ̀rù fi lé mi kúrò níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ dùn mọ́ mi ju eré náà lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ fún wa ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń ṣàìsàn, àti wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdí àìsàn náà fúnra wa. Ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní pe iwin mọ́.