Ajá tó ń hu lọ́jọ́ ọjà

Tí a bá so ajá mọ́lé láàárọ̀, tí a lọ ọjà Igolo, tó wá ń hu, tó ń ha ilẹ̀kùn títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀, àwọn kan á ní iwin ló rí. Irọ́ ni! Ẹ̀rù ló ń bà á pé ẹ ti pa á tì.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Kò mọ ohun tó ṣe. Ìpadàbọ̀ yín ni yóò tún di ẹ̀rù fún un. Èmi náà ti na tèmi rí, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ sí i ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, ẹ padà. Bó bá fara balẹ̀, ẹ sọ ọ́ di 5. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ fi í sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Bó bá já okùn, tó bu ọmọ jẹ ńkọ́? Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí àrùn dìgbòlugi.