Omi Tí Ó Tọ́ Fún Àlùwàlá, Ṣé Ó Tọ́ Fún Mímu?



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, gbígbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí mọ́sáláṣí àti àdúgbò jẹ́ sàráà tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Ọ̀nà tí Sàyídínà Uthman là sílẹ̀ ni, nígbà tí ó ra kànga Rumah ní Mẹ̀dínà fún àwọn Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú omi tí a ń fi tọrẹ?

A kọ́ nínú fíkíhì pé àwọ̀, adùn àti òórùn ni a fi ń mọ̀ bí ẹ̀gbin bá ti ba omi jẹ́. Òfin ìmọ́tótó fún ìjọsìn nìyí, kò sì lábùkù. Àṣìṣe tiwa ni pé a ń fi díwọ̀n omi mímu pẹ̀lú. Irin a máa fi ara rẹ̀ hàn: omi a pọ́n, aṣọ funfun a sì bàjẹ́. Òun gan-an ni àwọn ènìyàn ń sá fún, bẹ́ẹ̀ ewu rẹ̀ kéré. Òjé àti ásẹ́níìkì inú omi kò ní àwọ̀, wọn kò ní adùn, wọn kò ní òórùn.

Ẹ wo Bangladesh, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Láti àwọn ọdún 1970, ìjọba àti àjọ UNICEF gba àwọn ará ìgbèríko níyànjú pé kí wọ́n fi omi adágún tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ kànga onípáìpù. Omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ọdún 1993 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ásẹ́níìkì nínú rẹ̀, láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2000, ìṣirò tí ó jáde nínú ìwé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ni pé mílíọ̀nù 35 sí 77 ènìyàn ni ó wà nínú ewu. Àtẹ́lẹwọ́ àwọn kan le gbandi. Jẹjẹrẹ mú àwọn mìíràn. Wọ́n kun pọ́ǹpù tí omi rẹ̀ léwu ní pupa, wọ́n kun èyí tí ó dára ní àwọ̀ ewé, àwọn méjèèjì sì lè wà ní agboolé kan náà.

Síse omi kò lè mú un kúrò. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná ni ti inú rẹ̀ ń ki sí i.

Nítorí náà, ẹ̀ka tí ó bá ń dáwó kànga, kí ó kọ́kọ́ ya owó àyẹ̀wò sọ́tọ̀ ṣáájú owó òkúta tí a ń kọ orúkọ olùtọrẹ sí. Kí a dárúkọ òjé àti ásẹ́níìkì fún àwọn aláyẹ̀wò, nítorí àyẹ̀wò kòkòrò nìkan kì í fi wọ́n hàn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà kan, ó ti kọjá òṣùwọ̀n WHO. Kí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe àlùwàlá, kí a wá ti mímu síbòmíràn, kí a sì kọ ọ́ gàdàgbà sára pọ́ǹpù, níbi tí àwọn ọmọ ilé-kéú yóò ti rí i kà.