Nọ́ńbà Ìdí Ife Kì í Ṣe Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ta àwo àti ife àtijọ́ ní Bódìjà, Ring Road àti Challenge, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Lóṣù tó kọjá, màmá kan gbé ife mẹ́fà wá sí ìsọ̀ mi ní Dùgbẹ̀, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé wọn bí ọmọ tuntun. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá, Agbówó ni ilé wọn. Irú ife tí olóògbé ọkọ wọn rà fún wọn ní Kingsway láyé ọjọ́sí ló ti ku ẹyọ kan ṣoṣo, ni wọ́n bá ń wá èyí tó jọ ọ́. Ọ̀kan nínú yín ní Ring Road ta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún wọn ní 90,000 náírà. Ó ní kírísítà ni. Ó dojú ife kan délẹ̀, ó fi 42 tó wà nídìí rẹ̀ hàn wọ́n: 1942 ni wọ́n ṣe é, lójú ogun Hitler. Nígbà tí màmá rí 17 nídìí òmíràn, ọmọkùnrin yìí ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Màmá, ìyẹn làgbà wọn."

Inú mi ò tíì rọ̀ títí di òní.

DURALEX ló wà nídìí ife yẹn gàdàgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 42 tó ń kà. Ilẹ̀ Faransé ni orúkọ yẹn ti wá, 1945 ló sì dáyé. Irú ife yẹn gan-an, tó ní igun yíká, Picardie ni wọ́n ń pè é, 1954 ló jáde. Báwo lọmọ ṣe ju ìyá tó bí i lọ? Nọ́ńbà mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe ife náà ni 42. Àwọn ọmọ iléèwé ilẹ̀ Faransé a máa yí ife wọn dà nídìí oúnjẹ, kí oníkálukú fi nọ́ńbà tó bá bá a níbẹ̀ ṣe ọjọ́ orí ara rẹ̀. Eré ọmọdé ni lọ́hùn-ún. Níbí, à ń fi í gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ arúgbó.

Kírísítà wo? Òjé wà nínú kírísítà. Ó wúwo lọ́wọ́, bí ẹ bá ta á ní èékánná, ohùn rẹ̀ kì í tètè kú. Gígé ni wọ́n ń gé ọnà ara rẹ̀, ó sì ń mú lọ́wọ́. Ti mọ́ọ̀dù, etí ọnà rẹ̀ á ti kú bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀. Ẹ dijú, ẹ fi àtàǹpàkò rà á, ẹ ó mọ̀.

Nọ́ńbà tó ń tọ́ni sọ́nà ọdún wà, n kò jiyàn. "Rd" àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e lára àwo Gẹ̀ẹ́sì, láti 1884 ni. Ọdún tí wọ́n forúkọ ọnà náà sílẹ̀ ló sì ń sọ, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe àwo ọwọ́ yín. Orí ẹyẹ ọ̀kín tí iléeṣẹ́ Sowerby ti Gateshead bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sára àwo tiwọn ní 1876 náà wà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti wà nídìí ọjà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo fojú kàn án n'Ìbàdàn.

Ó dáa, ọmọkùnrin yẹn kì í ṣe olè. Ó jọ pé bí wọ́n ṣe wí fún òun náà níbi tó ti ra ẹrù ló ṣe wí. Ó sì mọ ọjà dì; etí ife kankan ò ha. Èmi náà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dùgbẹ̀, gbogbo àwo aláwọ̀ oyin ni mò ń pè ní ti ayé ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n n kò fi 17 ṣe ẹ̀gbọ́n 42 rí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ife rere ni. Wọ́n mú un gbóná, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú lójijì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè fọ́. Ṣé ìyẹn ò tó láti fi tà á?

Kí á máa bi ara wa léèrè kí á tó dá iye lé ọjà. Kí ẹni tí kò mọ ọdún sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Bóyá ẹgbẹ́ àwa tó ń ta àwo á pè wá jókòó lé e lórí lọ́jọ́ kan.

Mo yà kí màmá lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ti ní kí n má sọ iye tí wọ́n rà á fún àwọn ọmọ wọn. Ife 17 ni wọ́n fi bu omi fún mi. "Gbà," wọ́n ní, "àgbà wọn nìyẹn."