Wọ́n gbé iná, wọ́n hú sàréè: Bí omi ṣe gba ilé mọ́ àwọn ará odò Clinch lọ́wọ́

Wọ́n ní baba kan wà létí odò Clinch, ní ìpínlẹ̀ Tennessee lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó fàáké kọ́rí pé òun ò ní í kó kúrò nílé. Ìjọba fẹ́ sé odò, omi ò ní í pẹ́ bo gbogbo àdúgbò, baba ní kò kan òun. Kì í ṣe owó ló ń bá wọn fà, iná inú ààrò rẹ̀ ni. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló dá iná ọ̀hún, ìran dé ìran ni wọ́n sì ń koná mọ́ ọn, kò kú rí. Bóun bá kó lọ, ta ni yóò máa ko ó? Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ò yanjú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bu iná náà tẹyin tẹyin, wọ́n gbé e lọ sílé tuntun, ni baba bá tẹ̀ lé iná rẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Àmọ́ ohun tó bí ìtàn ọ̀hún kì í ṣe àgbọ́sọ, ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 1933 sí 1936.

Kó tó dìgbà yẹn, odò ni ọ̀gá gbogbo wọn. Àárín àwọn òkè Appalachia ni Clinch ń gbà kọjá, ilẹ̀ tó lọ́ràá ò sì pọ̀ lórí òkè, etí omi ló wà. Àgbàdo ni wọ́n ń gbìn jù. Òun ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, òun ni wọ́n fi ń bọ́ ẹran, àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn sì ń fi í pọn ọtí bí ògógóró nínú igbó, kí ìjọba má baà mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ àgbàdo á gbé e lọ síbi ọlọ tí omi ń yí. Ìdílé Rice dá irú ọlọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1798, ìran mẹ́rin ló sì lò ó. Ọlọ́lọ kì í sábà gba owó, á bu tiẹ̀ nínú àgbàdo ni. Bí wọ́n bá sì ti ń dúró de ìyẹ̀fun, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo òfófó àdúgbò ti ń jáde!

Bí òtútù bá mú, aládùúgbò á pe aládùúgbò, wọ́n á jọ pa ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á fi iyọ̀ pa á lára, wọ́n á fi èéfín gbẹ ẹ́. Àwọn obìnrin á kó àkísà aṣọ jọ, wọ́n á rán an pọ̀ di aṣọ ìbora. Bí odò bá kún, àwọn ọkùnrin á so gedú mọ́ra, wọ́n á gun orí ẹ̀ lọ tà á ní Chattanooga. Àwọn mìíràn ń wa ìkarahun nínú odò, wọ́n ń wá péálì inú ẹ̀, ìlú Clinton sì ni ọjà ẹ̀ ti gbóná. Odò kan náà yìí ló tún máa ń ya wọ oko, táá gbá gbogbo ohun tí wọ́n gbìn lọ. Síbẹ̀, wọn ò bínú sí i.

Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí mọ̀lẹ́bí máa ń pàdé níbi sàréè àwọn òkú wọn. Wọ́n á ro ibẹ̀, wọ́n á to òdòdó sí i, wọ́n á kọrin ìsìn, wọ́n á sì jókòó síbẹ̀ jẹun.

Ìgbà tó di 1933, Ààrẹ Franklin Roosevelt dá iléeṣẹ́ TVA sílẹ̀ láti sé àwọn odò, kí àkúnya lè dópin, kí iná mọ̀nàmọ́ná sì dé ìgbèríko. Ká sòótọ́, wọ́n nílò ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí oko mẹ́wàá bá wà ní Amẹ́ríkà, bóyá ni iná dé ju ẹyọ kan lọ. Norris Dam ni wọ́n kọ́kọ́ mọ, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 265.

Nǹkan bí 3,000 ìdílé ló kó kúrò. Onílẹ̀ gbowó ilẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ gbowó lé lórí? Wọn ò nílẹ̀, owó ilẹ̀ ò kàn wọ́n, wọ́n kàn di ẹrù wọn ni. Àwọn òkú náà kó lọ: sàréè tó lé ní 5,000 ni wọ́n hú. Àwọn mọ̀lẹ́bí mìíràn ní kí wọ́n fi tiwọn sílẹ̀ kó sùn sábẹ́ omi.

Oṣù kẹta ọdún 1936 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn dáàmù. Àkúnya rọlẹ̀ lóòótọ́, iná sì tàn dé ọ̀pọ̀ ilé tó jẹ́ fìtílà ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ìṣòwò péálì kú. Ìlú tuntun tí TVA kọ́ fáwọn òṣìṣẹ́, Norris, tó níná dáadáa, kò gba aláwọ̀ dúdú láyè láti gbébẹ̀.

Wọ́n tú ọlọ ìdílé Rice, wọ́n lọ tò ó síbi ìgbafẹ́ lẹ́bàá dáàmù, àwọn àlejò ń wò ó títí dòní. Ìlú kékeré kan, Loyston, kò rí ẹni gbé e. Ibi tí omi ti fẹ̀ gan-an lórí rẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní Òkun Loyston, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣe fàájì. Yorùbá ní omi ò lọ́tàá. Ẹni tí omi gba ilé mọ́ lọ́wọ́, tí wọn ò san kọ́bọ̀ fún, ló lè sọ bóyá òótọ́ ni.