Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Lílọ Wo Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà àti ti Sáyẹ́ǹsì

Nínú gbogbo ìlànà iṣẹ́ olùkọ́ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, kò sí èyí tí a ń tẹnu mọ́ tó èyí pé kí ọmọdé fi ojú rí ohun kan kí a tó fi ẹnu ròyìn rẹ̀ fún un. Ìlànà náà dára, a kò sì ní àríwísí kan sí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tẹ̀lé e tí a kì í sábà bi ara wa: olùkọ́ tí òun tìkára rẹ̀ kò rí nǹkan náà rí, kí ni yóò fi han ọmọ? A ó ka ìtàn orí idẹ Ifẹ̀ nínú ìwé, a ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, a ó sì lọ kọ́ ogójì ọmọ pé orí idẹ ń bẹ ní Ifẹ̀. Àwọn náà yóò dàgbà, wọn yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn. Báyìí ni ìmọ̀ ń ti ẹnu bọ́ sí etí láìkan ojú rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa sì ti wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Nítorí èyí ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ wá síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ó tọ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa kó ara wa jọ ní ẹgbẹ́ kéékèèké, kí a máa lọ wo ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àti ti sáyẹ́ǹsì ní ọjọ́ tí ọwọ́ wa bá dilẹ̀, kí ó jẹ́ ìfẹ́ ọkàn wa ni ó mú wa lọ, kí ó má ṣe jẹ́ àṣẹ, kí a má sì retí pé a ó kọ àròkọ kan lé e lórí nígbà tí a bá padà dé.

Ẹnìkan lè dáhùn pé ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ a máa kó ọmọ lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ọgọ́ta ọmọ a wọ ọkọ̀ kan ní òwúrọ̀, oòrùn a ti mú kí wọ́n tó dé ibẹ̀, a ó sì pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n tò, kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n kọ ohun tí ó wà lára àkọlé sínú ìwé. Àkọlé ni wọn yóò máa wò, wọn kò ní ráyè wo ohun tí a kọ àkọlé náà fún. Ẹni tí ó bá ti dé ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkan ní Èkó mọ ibi tí ẹsẹ̀ gbogbo ọmọ ń sáré lọ: ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 1976. Ọkọ̀ náà yẹ ní wíwò, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá ni fún orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá wo ihò ọta ìbọn tán tí ó sì kọjá lára ère amọ̀ àwọn ará Nok àti idẹ àwọn ará Ifẹ̀ bí ẹni tí ń kọjá lára ògiri, a kò lè sọ pé ó lọ, a kò sì lè sọ pé kò lọ.

Ẹgbẹ́ kékeré yàtọ̀ sí èyí. Bí àwa márùn-ún tàbí mẹ́fà bá dúró níwájú orí idẹ Ifẹ̀ kan ṣoṣo fún ìdajì wákàtí, kì í ṣe ohun kan náà ni olúkúlùkù wa yóò rí. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò béèrè bí a ti dà á. A ó sì jọ rò ó: a fi amọ̀ mọ inú rẹ̀, a fi ìda bo amọ̀ náà, a sì ya ojú, imú àti ètè sára ìda, a tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, a gbé e sínú iná títí ìda fi yọ́ jáde, nígbà náà ni a da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀, nígbà tí ó sì tutù a fọ́ amọ̀ kúrò. Òmíràn nínú àwọn orí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà, bàbà kì í sì í yọ́ títí ooru rẹ̀ yóò fi dé ìwọ̀n 1,085 ti Celsius. Ta ni ó fẹ́ iná náà? Irú ẹwìrì wo ni ó lò? Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó wà láàárín wa yóò ní ohun tí yóò sọ, tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kò mọ̀. Ẹlòmíràn yóò tọ́ka sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ojú wọn, yóò béèrè bóyá ilà ni tàbí ọnà lásán. Ẹlòmíràn yóò rí ihò wẹ́wẹ́ tí ó wà ní etí irun àti ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu àwọn kan, yóò sì béèrè ohun tí a ń so mọ́ ọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá kò tíì fi ẹnu kò lórí èyí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àjọwò sì ni a fi ń mọ ohun tí a ti Ifẹ̀ mú jáde.

Bákan náà ni ó rí ní ti sáyẹ́ǹsì. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ilé kan wà tí a kó ẹranko, ewéko àti òkúta jọ sí fún ẹ̀kọ́. Níbi irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀, àkọlé yóò pe ejò ní orúkọ Látìn, ọmọ àgbẹ̀ yóò sì pè é ní orúkọ tí baba rẹ̀ ń pè é, yóò sọ inú igbó tí ó ń gbé àti àkókò tí ó ń jáde. Orúkọ méjèèjì wúlò. Olùkọ́ tí ó bá mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì, ìdajì ejò ni ó mọ̀. Ibi tí a ti jọ dúró wo nǹkan ni ìmọ̀ ilé àti ìmọ̀ ìwé ti ń pàdé ara wọn láìsí pé ẹnìkan ṣe àtúntò wọn.

Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rántí ohun kan pẹ̀lú. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wa lélẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀síẹ́ ti mọ àwọn ère òkúta wọn láti ìgbà pípẹ́, ère tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ṣùgbọ́n H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ni ó fi wọ́n tó gbogbo ayé létí ní 1933, ní ibẹ̀ ni a sì ṣí ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní 1945. Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, ni ó dúró gbọin-in pé kí a máa kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́. Kenneth Murray dé ní 1927 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, òun náà ni ó sì di olórí ẹ̀ka ìjọba tí ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1943, tí ó sì dá ilé ti Oníkan sílẹ̀ ní 1957. Mẹ́ta péré ni a dárúkọ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ sì ni iṣẹ́ wọn. Bí àwa tí a tẹ̀lé wọn kò bá yọjú sí ibi tí wọ́n ṣe làálàá lé lórí, ogún wo ni a jẹ?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí orí idẹ kan ní igbó Olókun ní Ifẹ̀, kò sì gbà pé àwọn baba ńlá wa ni wọ́n ṣe é. Ó ní ti àwọn ará ilẹ̀ Atlantis tí òkun gbé mì ni. Ní 1938, bí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, orí idẹ púpọ̀ tún jáde láti inú ilẹ̀. Kò pẹ́ tí méjì nínú wọn fi dé Amẹ́ríkà ní ọwọ́ ọ̀mọ̀wé William Bascom, ẹni tí ó dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan mìíràn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà ní British Museum títí di òní. Ní 1953 ni ìjọba ṣe òfin láti dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ènìyàn kì í ṣọ́ ohun tí kò mọyì, kì í sì í mọyì ohun tí kò fi ojú rí. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ kò bá mú dé ibẹ̀ lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò ta ère baba rẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́ lọ́la.

A mọ̀ pé àtakò kò ní ṣàì sí. Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé òrìṣà ni a ó lọ wò. A bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn wọn, nítorí a mọ ilé tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe bíbọ. Ní 1947, ìjọ Àgùdà tìkára rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ Fáda Kevin Carroll. Bándélé, ọmọ Aréògún agbẹ́gilére, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ìtàn Ìwé Mímọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ènìyàn wa ni wọ́n sì fún àwọn tí wọ́n gbẹ́. Lamidi Fakeye, ọmọ Mùsùlùmí, kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé kan náà. Bí ọwọ́ tí ó gbẹ́ ère fún ilé baba bá lè gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé Ọlọ́run, ó dájú pé ojú Kristẹni lè wo méjèèjì láìṣẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní owó kò sí. Ní 1851, nígbà tí a ṣe ìpàtẹ ńlá ti iṣẹ́ ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ ní Lọ́ńdọ̀nù, a dá ọjọ́ sílẹ̀ tí tálákà lè fi ṣílè kan wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú wọn, wọ́n ń san owó kékeré lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí owó ọkọ̀ ojú irin fi pé. Thomas Cook nìkan ṣètò ìrìn-àjò fún ènìyàn tí ó ju 150,000 lọ, àwọn tí ó sì wọlé ní gbogbo rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Èrè tí ó kù ni a fi ra ilẹ̀ tí ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá wà lórí rẹ̀ ní South Kensington. Kí ni ó jọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣe bí kò ṣe èsúsú tí àwọn ìyá wa ń dá? Bí ìyá bá lè dá èsúsú láti fi rán wa ní ilé-ẹ̀kọ́, àwa náà lè dá a láti fi san owó ọkọ̀ dé Oníkan.

Ẹlòmíràn yóò ní gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ alágbèéká. Àwòrán wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń ran ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ, gbogbo ère Ẹ̀síẹ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ní ojúkorojú, òmíràn kéré tó bẹ́ẹ̀, òmíràn sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ẹnìkan kò sì lè rìn lọ sí ẹ̀yìn àwòrán kí ó wo bí wọ́n ti di irun ère náà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹ̀yin olùkọ́ wa yọ̀ǹda ọjọ́ Sátidé kan lóṣù fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ẹ má sì béèrè àròkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa má ṣe ju mẹ́jọ lọ nínú ẹgbẹ́ kan. Kí a yan ohun mẹ́ta péré láti wò, kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Kí a má fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Kí a kí àwọn tí ń ṣọ́ ibẹ̀ kú iṣẹ́, nítorí àwọn ni wọ́n wà pẹ̀lú nǹkan wọ̀nyí lójoojúmọ́, wọ́n sì máa ń mọ ohun tí kò sí lára àkọlé. Kí a jẹ́ kí ẹni tí ó dákẹ́ jù láàárín wa kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rí. Nígbà tí a bá sì padà dé, kí a jókòó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí a ròyìn fún àwọn tí kò lè lọ, títí yóò fi di tiwọn náà láti lọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọ kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ìyọnu tiwa lónìí tún ju èyí lọ: ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kò tíì dé oko baba tiwa pàápàá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ó túká lọ sí ìlú àti abúlé, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sì wà ní ibi tí kò sí ìpàtẹ kankan nítòsí. Nígbà náà, ojú wa ni yóò jẹ́ ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ náà ní. Ẹ jẹ́ kí a kó nǹkan sínú rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣì wà.